Páìpù Tó Ń Bẹ́ Lẹ́yìn Ilé Wa

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí ni ilẹ̀ tó tutù rinrin láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, lẹ́yìn ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí páìpù ilé-iṣẹ́ wa gbà kọjá. Èmi ni ẹnjiníà tó ń bójú tó páìpù náà. Láti ibi ẹ̀rọ tó ń fa omi ní Apápá ló ti ń bọ̀, ó sì parí sí etí omi ní Kìríkìrì, níbi tí a ti ń rọ omi mímu sínú táǹkì àwọn ọkọ̀ ojú omi. Irin ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí apá tó wà ní Ajégúnlẹ̀ dípẹtà, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gé e kúrò, kí wọ́n fi páìpù rọ́bà rọ́pò rẹ̀, nítorí pé rọ́bà kì í dípẹtà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí rọ́bà náà fi bẹ́. A tún un ṣe, ó tún bẹ́, níbi tí wọ́n ti so irin mọ́ rọ́bà gan-an. Àwọn obìnrin àdúgbò a ti kó garawa dé kí àwọn òṣìṣẹ́ mi tó dé. Ọ̀kan nínú wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹnjiníà, àbẹ́ẹ̀gì, ẹ jẹ́ kó bẹ́ lọ́la náà o, aṣọ àwọn ọmọ mi ṣì kù ní fífọ̀!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò, bóyá màá rí ayùn tí wọ́n fi ń gé e.

Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí ohun kan: páìpù yìí kì í bẹ́ àfi bí bàbá tó ń ṣọ́ fáàfù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣí omi tí wọ́n sì fi ń tì í, ní Kìríkìrì bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá náà ti dàgbà, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, mùsùlùmí tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìrun jáfara. Mo gbà lọ́kàn mi pé ó ń fi fóònù ta àwọn kan lólobó kí wọ́n lè wá gé páìpù. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wa pé kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ní òun á fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìyàwó mi, tóun náà jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, gbọ́ ọ. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ti dúró tì í rí nígbà tó ń ti omi?"

"Kí ni mo fẹ́ dúró wò níbẹ̀? Ẹni tó ti fáàfù, ó ti fáàfù náà ni."

"Ó dáa o, ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ lọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó ná, kẹ́ ẹ tó gba oúnjẹ lẹ́nu bàbá àgbà."

Ìbéèrè tó dára ni. Àmọ́ ohun tí mo rò nígbà yẹn ni pé, ta ló rán an sí mi? Ṣebí ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìwé iṣẹ́ mi mọ́ inú àpótí. Lọ́jọ́ kan tó wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí fóònù rẹ̀. Ohun tó kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo rí: "Páìpù yìí ò jẹ́ kí ọkọ mi jẹun dáadáa mọ́. Ẹ bá mi fi í sádùúrà." Dípò kí ojú tì mí, orúkọ bàbá yẹn ni mò ń wá kiri inú fóònù náà, títí mo fi gbọ́ pé omi dákẹ́ nílé ìwẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀gá fọwọ́ sí lẹ́tà, mo lọ sí Kìríkìrì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí n lè ká bàbá mọ́ ìdí fóònù. Fóònù rẹ̀ wà lórí àga, ó ti kú. Omi ń ṣàn lọ sínú táǹkì ọkọ̀ kan. Bí wọ́n ṣe pe ìrun Àlàásàrí báyìí, bàbá gbé bùtá rẹ̀. Kò fẹ́ kí omi kún dànù lẹ́yìn òun, ló bá di ọwọ́ fáàfù mú, ó sì fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Páìpù dún gbàù! Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà mi. Kò pẹ́ ni fóònù tèmi dún: rọ́bà ti tún bẹ́.

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń tì í?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti débí ni. Ẹ̀yin lẹ bá mi níbí, Ẹnjiníà. Irin ò bá mi jà rí." Ó wo ojú mi. "Ṣé ara yín le ṣá? Ẹ jókòó, kí n kírun ná, mò ń bọ̀."

Mo jókòó. Bí omi bá ń sáré nínú páìpù, tí èèyàn sì dí i lójijì, agbára rẹ̀ á pẹ̀yìn dà, á máa gbá páìpù láti inú. Irin le, á gbà á mọ́ra. Rọ́bà ò rí bẹ́ẹ̀; á wú, á tún sún kì, títí ojú ìsopọ̀ á fi ya. Mo ti yege nínú ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Àwọn tó kù tó ń ṣọ́ fáàfù kì í sáré lọ kírun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Bàbá ò yí ọwọ́ padà. Èmi ni mo yí páìpù padà, tí n ò sì sọ fún un kó máa tì í díẹ̀díẹ̀.

Mo sáré lọ gba lẹ́tà mi padà, mo sì kọ òmíràn pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Ọ̀gá kà á tán, ó ní, "Olè tí ò ń wá ti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé nìyẹn." Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, mo sọ ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ fún un. Ó fà mí dìde. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ wá fi bí n ó ṣe máa tì í hàn mí."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ròyìn fún un. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì! Kí ló dé tẹ́ ò gbọ́ nígbà tí mo sọ ọ́?"

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ lórí mi. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lọ gbé oúnjẹ mi wá.

Ìyàwó mi ti ṣaláìsí báyìí. Bàbá mọ ohun tí mo ṣe sí i, ó sì dárí jì mí. Ìyàwó mi ò mọ̀ rárá pé mo fura sí òun nínú ilé tí a jọ ń gbé. Ní gbogbo ọdún tí a tún jọ lò lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń sọ fún ara mi pé kí n má sọ ọ́, kó má baà dùn ún. Ara mi ni mò ń dáàbò bò.