Kòkòrò Inú Abọ́ Mi

Títí dòní, ògì gbígbóná ń rí mi lára. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, màá dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ má rò pé ìgbéraga ni. Ẹni tó ka ìwé mẹ́fà, kí ló fẹ́ fi gbéraga?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó mi sí i. Lọ́dọ̀ mi ní Agége ló ń gbé nígbà tó ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, nípa oúnjẹ aṣaralóore. Oúnjẹ tí wọn ò yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀ ló gbájú mọ́: ọkà tòun teèpo, ẹ̀wà tòun teèpo. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé ìyẹn náà ń fẹ́ ìwé? Màmá wa jẹ ẹ́ títí, wọn ò fún wọn lóyè."

"Àǹkù, ìdí nìyẹn tí eyín Màmá fi pé dọjọ́ ikú. Tiyín ńkọ́?"

Mo fahọ́n kà wọ́n. Mẹ́rin ti lọ níbẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ ìlọkà lèmi wà, ní ilé-iṣẹ́ kan n'Íkẹjà tó ń ṣe ògì ọmọdé sínú páálí aláwòrán. Láyé Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ológun gbé dé, àgbàdo gidi di ọ̀wọ́n. Èyí tó ń wọlé sí wa ti bu, ó dúdú lẹ́nu, kòkòrò ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń lọ sípàdé. A ó bó eèpo fáwọn ọlọ́sìn adìẹ, a ó lọ ìyókù tòun ti kòkòrò, a ó da ṣúgà lé e. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. N kò sọ nǹkan kan.

Àfi lọ́jọ́ tí mo ṣèèṣì sọ ọ́ nílé. Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní páálí wà lọ́jà, ṣùgbọ́n àgbàdo tí a fi ń ṣe é gan-an lòun ń wá fún ìwádìí òun, kí òun lè fi wé ohun tó wà nínú páálí. Ó ti kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò fèsì. Olùkọ́ rẹ̀ sì ti kìlọ̀: bí kò bá rí i kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, kó dúró dọdún tó ń bọ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì ti jẹ ọdún méjì mọ́ ọn lọ́wọ́ ná.

Ni mo bá bu àgbàdo tí ẹ̀rọ ti fọ́ sínú abọ́ oúnjẹ mi lọ́jọ́ Wẹ́sídeè. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣọ́ géètì wa. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó ń jáde, tó bá ní oúnjẹ ló wà nínú abọ́ òun, gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lójú òun, torí àwọn kan ti ń fi abọ́ jí ṣúgà. Mo mọ òfin yìí. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí rẹ̀.

"Kí nìyẹn, Bàbá?"

"Oúnjẹ mi ni, ọ̀gá. Ilé ni mo ti gbé e wá, n ò ráyè jẹ ẹ́."

"Eléyìí?" Kòkòrò kan ń gun etí abọ́ bọ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí yín."

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó korò, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, nǹkan sì ń rìn lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Akọni èèyàn! Mo tún rẹ́rìn-ín músẹ́, kó lè rò pé ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán.

"Àǹkù, àgbàdo yẹn dà?" lọmọ náà bi mí nígbà tí mo délé.

"Ó wà nínú mi."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó kàn pa ìwé rẹ̀ dé. Mo lọ bì lẹ́yìnkùlé.

Ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ, ni mo bá tún bu àgbàdo kún abọ́ lọ́jọ́ kejì. Bí sójà ṣe rí abọ́ náà, ó fọwọ́ bo imú.

"Ẹ máa lọ, jàre! Ẹ gbé e lọ! Kí n má tún rí i!"

Báyìí ni àgbàdo ṣe jáde, tí ọmọ náà sì gboyè rẹ̀.

Nígbà tóṣù parí, wọ́n pín páálí méjì-méjì fún wa bí ìṣe wọn. Sójà mú tirẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, nǹkan tó dáa ló wà nínú èyí, àbí?"

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wa dúró nítòsí. Mo ní ó dáa gan-an. Sójà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ki páálí méjèèjì sábẹ́ apá, ó ń lọ sílé.