Ọwọ́ Òsì ní Ọjà Roxy

Nígbà tí òmìnira kò tíì pẹ́, tí mo jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́ ní Abidjan, èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ síkáòtù àwọn ọmọbìnrin nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Adjamé. Ní gbogbo ọ̀sán sámédì, ìyẹn Sátidé, a máa ń pàdé lábẹ́ igi máńgòrò, a ń kọ́ wọn ní okùn dídì, ìtọ́jú ọgbẹ́, iná dídá àti orin. Ọmọ àwọn ará ìjọ tó wá láti Nàìjíríà àti Dahomey ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹyọ kan péré ni ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ ọdún méjìlá, tí baba rẹ̀ láti Ṣakí ń ta aṣọ ní ọjà Roxy.

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa.

Ọwọ́ òsì ni àwa síkáòtù fi ń bọ ara wa lọ́wọ́, nítorí òun ló súnmọ́ ọkàn. Mo kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe nà án: kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí wọ́n wo ẹni náà lójú. N kò sọ ẹni tí a kì í nà án sí fún wọn. Mo rò pé ọmọ Yorùbá kò nílò kí a sọ ìyẹn fún òun.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a lọ pàgọ́ ní Bingerville. Mo ti yan ọmọ náà ṣe olórí àwọn tí yóò dáná, kò sì sí ohun mìíràn tó ń sọ mọ́ nílé. Ó wọ aṣọ síkáòtù rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ baba rẹ̀. Àgbà àwọn oníṣòwò Ṣakí jókòó síbẹ̀, ó ní, "Ṣọ́jà wa, o ò ní kí wa ni?" Ọmọ náà kò kúnlẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó wo baba arúgbó náà lójú, ó sì na ọwọ́ òsì sí i. Oníbàárà kan bú sẹ́rìn-ín. Baba ọmọ náà ní kò ní lọ sí Bingerville mọ́.

Ní sámédì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá sọ fún mi. "Tántì, bàbá ẹ̀ ti gba aṣọ lọ́wọ́ ẹ̀. C'est fini, ó ti parí."

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iléèwé, mo lọ sí Roxy, mo kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ náà.

"Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ kọ́ ọ kó fi ọwọ́ òsì kí àgbà?"

"Mo kọ́ ọ kó fi kí ẹgbẹ́ ẹ̀. Mi ò pààlà fún un."

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ó ní. "Ọmọ tèmi fi júwe tèmi lójú gbogbo Roxy. Ẹni tí ọmọ náà ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀."

Ó pe ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀, ó sì mú wa lọ sọ́dọ̀ baba àgbà àwọn oníṣòwò náà. Mo ṣàlàyé fún un pé ọwọ́ òsì ló súnmọ́ ọkàn. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkàn kí mi, kó kúnlẹ̀," ó ní.

Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé tí mo bá ti wọ aṣọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kí n máa ṣe."

Baba àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Ẹ ò rí i! Aṣọ ló ṣẹ̀ mí. Ẹ gbé e wá kó wá kúnlẹ̀!" Ó wá yíjú sí baba ọmọ náà. "Èmi tí wọ́n ṣẹ̀, mo ti rẹ́rìn-ín. Ta ni ìwọ ń bá bínú?"

Baba ọmọ náà padà sí ìsọ̀ rẹ̀, àwa náà tẹ̀lé e. Ó wọlé, ó sì gbé aṣọ síkáòtù náà jáde pẹ̀lú bùtà tó fi ń ṣe àlùwàlá.

"Ìrun márùn-ún ni, Tíṣà. Tẹ́ ẹ bá lè rí sí i, kó máa lọ."

Mo ní mo gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan fún mi, nítorí n kò mọ̀ ọ́n, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ètò wa.

Ní Bingerville, ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo dìde láti lọ jí ọmọ náà kó wá kírun. Ó ti jí. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń dúró. Àwọn ọmọ ìjọ méjì tó wà nínú àgọ́ rẹ̀ di bùtà náà mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Ìwọ lo da omi sí i lọ́wọ́ lálẹ́ àná. Ó kàn mí!"

"Ta ló lọ pọn ọ́n?"

Mo ní kí wọ́n má pariwo, àwọn yòókù ṣì ń sùn.