Téèpù Ìránṣọ Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í gé ọ̀pá áńtẹ́nà láìyá téèpù ìránṣọ mi. "Ìyàwó, ìgbì rédíò ní ìwọ̀n bí aṣọ," ni wọ́n máa ń wí.

Láyé owó epo, ilé iṣẹ́ wọn n'Ísọlọ̀ fẹ́ máa fi rédíò bá ilé ìkẹ́rùsí wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi l'Óṣòdì sọ̀rọ̀. Bí rédíò náà kò bá gbé ohùn dé Òṣòdì, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀nà ò jìn, ìgbì tó kúrú ti tó. Wọ́n fi téèpù mi wọn ọ̀pá áńtẹ́nà ba ìgbì náà, ọ̀pá náà sì kúrú.

Dírẹ́bà kan rẹ́rìn-ín: "Irun imú ológbò rèé!"

Èmi ni mo jókòó ti rédíò l'Óṣòdì. Ó kọ́kọ́ hó ṣàà, lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹ̀gbọ́n ketekete láti Ìsọlọ̀: "Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní, "Mo ti jẹun, ẹ̀gbọ́n. Ohùn yín ṣe rẹ́gí."