Dẹ́rẹ́bà Jẹ́jẹ́ àti Táyà Ẹ̀yìn

"Má fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn o. Ṣé o gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Kò ní "ó dàbọ̀," kò ní "tọ́jú Màmá." Táyà ló ń sọ.

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò ni. Dẹ́rẹ́bà Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbùdókọ̀, torí bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sílẹ̀ ló ṣe ń sọ̀ sínú kòtò. Ó máa ń sú èrò. Wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n omi ọwọ́ wọn ò ní dànù.

Màmá wa ló fà á. Egungun ìbàdí ń dùn wọ́n. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó. Bí ọkọ̀ bá ti ta gìrì, wọ́n á ké. Lọ́jọ́ kan, kí Màmá tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dẹ táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó tú afẹ́fẹ́ inú wọn sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní tí táyà bá rọ̀, ọkọ̀ á rọ̀. Màmá ò ké lọ́jọ́ náà. Ó parí nìyẹn. Ta ló tún tó bá a sọ ọ́?

Baba Alátáyà, tó ń fẹ́ táyà níbùdókọ̀, gbìyànjú.

"Dẹ́rẹ́bà, afẹ́fẹ́ táyà ẹ ò ju ogún lọ lórí géèjì! Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ!"

"Baba, ilẹ̀kùn ò mọ ìyá mi."

"Wo etí táyà ẹ! Ó ti jẹ tán, àárín ò tíì jẹ. Táyà tó bá rọ̀ á gbóná. Tó bá gbóná, á bẹ́!"

"Ẹ fẹ́ ta táyà fún mi ni."

Baba ju géèjì sílẹ̀. "Àbúrò ẹ̀, wá bá mi bá a sọ̀rọ̀, kí n má bàa ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wèrè lọ́jọ́ ogbó."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bá a jà. Mo ní kó máa fẹ́ ẹ tó bá fẹ́ kó ẹrù, kó wá dẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní táyà kì í ṣe bọ́ọ̀lù tọ́mọdé ń fi ṣeré. Alágídí! Mo ṣì ń bínú sí i. Kò kúkú lè dá mi lóhùn.

Ó kó sìmẹ́ńtì sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó gba títì márosẹ̀. Táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ọkọ̀ gbókìtì.

Táyà bẹ́ ni wọ́n sọ fún Màmá. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀.

Wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe, èmi ni mo wá ń wà á. Baba Alátáyà fẹ́ táyà tuntun dé méjìlélọ́gbọ̀n. Ojú ẹ̀ pọ́n.

Mo gbé Màmá lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Kòtò àkọ́kọ́, wọ́n ké.

"Irú ìwàkuwà wo nìyí? Ẹ̀gbọ́n ẹ kì í gbọ̀n mí báyìí. Kí ló máa ń ṣe sí ọkọ̀ yìí?"

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní torí ìbàdí àwọn lọmọ àwọn ṣe kú. Wọn ò ní wọ ọkọ̀ mọ́ láé. Ilé ìwòsàn tán nìyẹn.

"Ó mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ ni, Màmá."

"Ó mọ̀ ọ́n wà o. Ìwọ náà kọ́ ọ."

Kọ́ ọ! Lọ́wọ́ ta ni?

Mo ra fóòmù, mo gé e bí ìjókòó ẹ̀yìn ṣe rí. Màmá ti lọ sinmi, mo ń rán aṣọ bò ó. Abẹ́rẹ́ ń gún mi. Òwú tún já. Mo fi itọ́ ra ẹnu ẹ̀, mo ń wá ojú abẹ́rẹ́.