Abọ́ Òjé Tí Mo Gbé Lọ sí Mẹ́rì

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, òun ni ọdún tí àwọn Erin, àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ yìí, kọ́kọ́ lọ sí ìdíje àgbáyé. Èmi ò mọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè é. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́ lè fi nọ́ńbà tìrẹ sí i, ṣùgbọ́n má fi Faransé tún ọ̀rọ̀ mi ṣe o. Ó dá mi lójú pé ọdún náà ni, nítorí pé gbogbo Koumassi Remblais, àdúgbò wa ní Abidjan, ló kun ara wọn ní àwọ̀ ọsàn, títí kan ewúrẹ́ aládùúgbò wa. Ìwọ fúnra rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn ni.

Iṣẹ́ bátìrì ni bàbá àgbà rẹ ń ṣe nígbà náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin, ará Èjìgbò bíi tiwa, ni wọ́n máa ń ra bátìrì mọ́tò tó ti kú lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Wọn á fi àáké là á, wọn á da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, wọn á kó òjé rẹ̀ sínú ìkòkò irin, wọn á sì fi iná èédú yọ́ ọ. Àwọn apẹja orí ọ̀sà ló ń ra òjé náà, wọ́n ń so ó mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè rì. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Koríko kì í hù níbẹ̀. Àwa rò pé ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin ni kò jẹ́ kó hù.

A mọ̀ pé èéfín náà kò dára, a kì í ṣe òmùgọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń mu epo pupa ṣíbí kan láàárọ̀ àti mílíìkì agolo kan nírọ̀lẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé epo ni ẹ̀rọ̀ oró? Bàbá àgbà rẹ á mu mílíìkì tirẹ̀ tán, á nu ẹnu, á ní, "Ó ti lọ." Ìgbà náà ni ìwọ á sáré lọ bá a, á gbé ọ sókè, ìwọ á sì fi ojú nu àyà ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni ń fi tówẹ̀lì nujú.

Bọ́ọ̀lù parí. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan gba ìlú: àwọn kan ló da ìdọ̀tí olóró káàkiri Abidjan. Mi ò ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀, nítorí ó ṣe àwọn èèyàn léṣe. Ọwọ́ wa kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń rú èéfín, ìjọba ń wá a. Kò pẹ́ tí ìwé dé láti mẹ́rì, ilé ìjọba àdúgbò wa. Ìyá rẹ ló kà á fún wa: tí a bá ti ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, lọ́jọ́ kejì, kí gbogbo ẹni tó ń yọ́ òjé kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katakata á wó ibẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé yẹn ni ilé wa ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ni owó ìwé àwọn àbúrò ìyá rẹ ti ń jáde. Ògì tí mo ń tà, ata àti iyọ̀ ló lè rà. Bí wọ́n bá lé wa, ta ni yóò tún fún wa láyè iná ní gbogbo Abidjan, pàápàá nígbà yẹn tí kò rọrùn láti jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ yìí? Ọkọ̀ Èjìgbò ló kù.

Àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ní, "Kí la ń rò? Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n ní mẹ́rì." Wọ́n ránṣẹ́ sí Anyama, ìlú olóbì, wọ́n ra obì apẹ̀rẹ̀ kan, obì tó ń dán bí ẹyin. Wọ́n wọ agbádá. Ìyá rẹ bá wọn lọ kí ó lè máa gbọ́ Faransé fún wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu ìyá rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì tíì lè sọ ọ́ tán rí kó má rẹ́rìn-ín. Madámù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ní mẹ́rì, ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Àwọn márààrún wọlé, wọ́n gbé obì kalẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mọ́lẹ̀, ojú mọ́lẹ̀. Madámù kò rí irú rẹ̀ rí. Àgbàlagbà márùn-ún tó ń yọ́ òjé, kí wọ́n jọ ṣubú lójijì! Ó fò dìde, ó figbe ta: "Ẹ gbé omi wá! Ẹ pe dókítà! Oró náà ti gbé wọn!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá àgbà rẹ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti ilẹ̀: "Kí ló ń wí? Ṣé ó ti gbà?"

Bàbá àgbà rẹ ní, "Dákẹ́ jàre, má gbórí sókè. Ó ti ń sunkún. Àánú wa ti ń ṣe é."

Nígbà tí ìyá rẹ wá rí ẹnu ṣàlàyé, Madámù fọwọ́ mú àyà, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ti apẹ̀rẹ̀ obì síwájú rẹ̀, ó tì í padà. Ó ní òun kò gbọdọ̀ gbà á, wọn á ní òun gba rìbá.

Bàbá àgbà rẹ délé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. "Ó kọ obì."

Mo ní, "Obì wa?"

"Obì Anyama. Ó tì í padà báyìí."

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ obì ẹ̀bẹ̀ ti kọ ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. A ò rò ó pé ó lè jẹ́ òfin ibi iṣẹ́ obìnrin náà. Bàbá àgbà rẹ ní kí n máa di ẹrù. Mo ti di ìkòkò mi mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹta, Madámù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé, ó ní òun fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí ó tó wọlé, jìnnìjìnnì ti bá àwọn ọkùnrin. Wọ́n sáré gbé ìkòkò òjé kúrò lórí iná, wọ́n sì fi àpò àgbàdo mi bò ó mọ́lẹ̀.

Madámù gba ẹnu ìyá rẹ béèrè pé, "Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

Bàbá àgbà rẹ ní, "Iṣẹ́ wo?"

Ẹnu rẹ̀ kò tíì padé tí àpò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Pá! Pá-pá! Gúgúrú ń fò jáde láti ojú àpò! Madámù yíjú sí mi. "Tántì, àpò yín ń se oúnjẹ." Ẹ̀rín pa mí. Àgbàdo yẹn, gbogbo rẹ̀ la dànù.

Ibẹ̀ ni àṣírí tú. Bàbá àgbà rẹ wá ń ṣe àlàyé tìgboyà-tìgboyà pé kò sí ewu, pé àwọn ń mu epo, àwọn ń mu mílíìkì. Madámù gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Epo kò dé ara ṣòkòtò, bàbá. Aṣọ yín lẹ fi ń gbé oró náà wọlé. Ta ní ń fọ̀ ọ́?"

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

Nígbà tó lọ tán, àwọn ọkùnrin fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Oró inú ṣòkòtò! Òun ló kù kí mẹ́rì kọ́ wa!" Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni mo ti ń sẹ́ ògì, mo sì mọ ohun kan: ohunkóhun tó bá wà nínú omi, bí o bá fún un láyè, yóò rì sísàlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo mú abọ́ àtijọ́ kan tí mi ò fi ṣe oúnjẹ mọ́, mo rẹ ẹ̀wù àti ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ sí i láìfi ọṣẹ sí i, mo gbọ̀n wọ́n dáadáa, mo yọ wọ́n, mo sì bo abọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rọra da omi òkè rẹ̀ sínú kèǹgbè kan, bí a ṣe ń da omi orí ògì. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ki, ó rí bí eérú, ó wúwo.

Mo pè é. "Bàbá, ẹ wá wo ògì tí mo sẹ́ lára ṣòkòtò yín."

Ó tẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú igi. Ó ní, "Iyẹ̀pẹ̀ ni."

"Iyẹ̀pẹ̀ tó ń dán? Ẹ gbé abọ́ náà wò."

Ó gbé e. Ó rọra gbé e padà sílẹ̀. Ìgbà náà gan-an lo sáré jáde láti yàrá, o ń na apá sí i. Bàbá àgbà rẹ ta sẹ́yìn bí ẹni rí ejò. "Ẹ dì í mú! Kó má fọwọ́ kàn mí!" O fi igbe bọnu. Ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ọ, o sì bá a bínú di ọ̀sán.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọdún dé. Mo gbé abọ́ náà sórí, mo bo ojú rẹ̀, ìyá rẹ ṣáájú, bàbá àgbà rẹ ń tẹ̀lé wa bí ẹni tí wọ́n mú. Madámù rí wa lókèèrè. "Tántì, ṣé obì lẹ tún gbé dé?"

Mo ní, "Rárá o. Èyí, ẹ lè gbà á. Kò sẹ́ni tó máa pè é ní rìbá."

Mo ṣí i. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí wọ́n ṣe ń là á, ibi tí wọ́n ń da omi rẹ̀ sí, bí mo ṣe ń fọ aṣọ. Bàbá àgbà rẹ ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo ní, "Madámù, èyí tó wà nísàlẹ̀ abọ́ yìí ni kí ẹ lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwa sílẹ̀."

Ó wo abọ́ náà pẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Yopougon, ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, tó ní ẹ̀rọ àti ìbòmú fún iṣẹ́ òjé, odindi bátìrì ni wọ́n sì ń fẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ilé àwọn mẹkáníìkì. Bàbá àgbà rẹ, tí kò tíì lanu láti àárọ̀, dáhùn wàrà: "Èmi mọ gbogbo wọn, láti ibí dé Adjamé." Madámù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́ ní Plateau, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ńlá wà. Ó gbé abọ́ mi lọ fi hàn wọ́n.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la ni ìwé mìíràn dé. Kí a dúró! Àmọ́ kò sí àáké mọ́, kò sí iná mọ́. Odindi bátìrì ni kí wọ́n máa kó jọ, kó wà lóòró, lábẹ́ òrùlé, kí omi rẹ̀ má kán sílẹ̀, kí ọkọ̀ Yopougon wá gbé e. Wọ́n hú ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n da yanrìn tuntun sí i. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ yàrá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní òjé inú rẹ̀ ga díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún kejì, ó ti wálẹ̀. Èrè iṣẹ́ náà dín díẹ̀, àmọ́ a wà ní Koumassi, koríko sì hù lẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló kọ́kọ́ rí i. Àwa náà jẹ obì Anyama tán lọ́jọ́ ọdún.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà, tí oníkálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀, mo pè wọ́n jókòó. Mo ní kí wọ́n máa bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó gbé ọmọ. Mo ní bí ìjọba bá dé, kí wọ́n má fi àpò àgbàdo bo ìkòkò gbígbóná. Kí wọ́n gbé abọ́ wọn lọ, kí wọ́n sì fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n. Mo tún ní kí wọ́n má gbàgbé láti kọ orúkọ sí ìdí abọ́ náà. Tèmi ṣì wà ní Plateau.