Ìgò Tí Mo Gbé Lọ sí Ifẹ̀ Nítorí Irùngbọ̀n

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Pírámárì nìkan ni mo kà parí, gègé sì wúwo lọ́wọ́ mi ju ọmọ odó lọ.

Irun díẹ̀ tó hù lágbọ̀n mi ló gbé mi kúrò ní Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ará ilé Gàníyù, àfẹ́sọ́nà mi, ń bọ̀ wá tọrọ mi. Ṣakí ni Gàníyù wà, orí fóònù la ti sábà ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ̀ pé ìyàwó òun nírùngbọ̀n. Ni Àǹtí Múnírátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bá sọ fún mi pé òun ń ka ìwé àtijọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ àwọn ní Ifẹ̀, ìwé ìtọ́jú ẹwà obìnrin tí wọ́n fi èdè Látìn kọ, àti pé ọ̀rọ̀ irun ojú wà nínú rẹ̀. Látìn yìí ni àwọn Páàdì ìjọ Àgùdà fi ń kírun láyé ọjọ́un, bí àwa ṣe ń fi Lárúbáwá kírun.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n jù. Mo ní bó bá ti rí bíi Lárúbáwá, wọn yóò kọ ọ́ sára wàláà, wọn yóò fi omi fọ̀ ọ́, n ó sì máa fi omi náà bọ́jú, bí àwọn àlùfáà wa ṣe ń ṣe hàǹtú. Mo fọ ìgò òróró kan, mo gbé e sínú báàgì.

Bí mo ṣe kírun àsùbáà tán, mo wọ Máíkírà ní Ọjà'ba, mo sì wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Ọ̀nà dán títí dé odò Aṣẹ́jíré, lẹ́yìn ìyẹn kòtò ló ń gbà wá lọ́wọ́ kòtò. Ní Ìkirè mo ra dòdò wọn. Ó dúdú, ó dùn, ó sì ta. Tiwa nílé kì í dúdú báyẹn àfi bó bá jóná. Mo fa híjáàbù bo àgbọ̀n mi kí wọ́n má baà rí irun náà, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń jẹ ẹ́.

Dírẹ́bà wò mí nínú dígí. "Àǹtí, ṣé ẹ gbé ọmọ pamọ́ síbẹ̀ ni, tí ẹ̀ ń bọ́ ọ?"

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Dòdò há mi lọ́fun.

Nígbà tí mo dé ilé Àǹtí Múnírátù, ó rí ìgò. "Kí lèyí wà fún?"

"Kí ẹ lè fọ Látìn náà sínú rẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Mọ́ríámọ̀! Inú kọ̀ǹpútà ni ìwé yẹn wà. Ṣé kọ̀ǹpútà ni ká fọ̀?"

Ó kà á, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Àwọn obìnrin ìlú kan tó ń jẹ́ Salẹ́nò, nílẹ̀ Ítálì, a máa po òkúta sísun tó ń hó bí omi bá kàn án, mọ́ òkúta mìíràn tó pọ́n rúsúrúsú, wọ́n á sè é. Wọ́n á wá ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́. Bí ìyẹ́ náà bá bó, ó ti jinná nìyẹn, wọ́n á fi kun ojú. Kò gbọdọ̀ pẹ́ lójú o, torí ó ń jóni. Oògùn ojú tó bá jóná náà wà nínú ìwé.

"Ẹ bá mi se díẹ̀, Àǹtí."

"Májèlé ni òkúta yẹn! Ṣé Gàníyù ló ní kí o fá a?"

"Kò tíì rí i."

"Kò tíì rí i, o sì ti fẹ́ bó ara rẹ bí adìẹ ọdún?"

Mo dá ìgò mi padà sínú báàgì.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀, obìnrin Salẹ́nò tó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ dán an wò ni mò ń rò. Òun náà á ti ní ẹnìkan tó ń fi àgbọ̀n pamọ́ fún. Ó tù mí nínú díẹ̀ pé ìwà òmùgọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Wọ́n ń pe ìrun mágàríbì nígbà tí mo wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìyá mi tó ti ìdí kànga dé, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo sì pe Gàníyù lórí fídíò. Mo kí i. Lẹ́yìn náà mo gbé ojú sókè, mo sún fóònù mọ́ àgbọ̀n mi.