Ẹni Tí A Fẹ̀yìn Tì

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wà nínú kòtò tí a ti ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn kí epo tó jáde. Ó di ọ̀pá mú, epo dé orúnkún rẹ̀, èéfín ààrò ń ta wá lójú. Ọmọbìnrin kan láti yunifásítì ló jókòó sórí àpótí, tó ń béèrè bí àwọn ilé tí kò rí jẹ ní Ifisin ṣe ń rọ́jú.

"Màmá, bí wàhálà bá dé, ta lẹ máa ń sá tọ̀?"

Ìyá àgbà dúró. Ó wo ilé ẹ̀gbẹ́ wa, tí koríko ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Kò sí mọ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, opó bíi tirẹ̀. Nígbà tí ìjì ká òrùlé wa lọ, ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn la sùn títí òjò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ó fi aṣọ dá yàrá rẹ̀ sí méjì. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń ha ìdí ìkòkò. "Ẹ jẹun o, èmi ti jẹ." Èmi gbà á gbọ́. Ìyá àgbà kò gbà á gbọ́, síbẹ̀ a jẹ ẹ́.

Lọ́dún kejì, àìsàn dá obìnrin náà wó. Ọ̀pẹ kò so dáadáa lọ́dún náà, ẹsẹ̀ ìyá àgbà sì ti ń wú. Àgbo efinrin nìkan la rí gbé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń run efinrin. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti Ìfàkì wá gbé e, ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú fèrèsé takisí, ó sì nawọ́ sí ilé ẹ̀gbẹ́ wa. "Ulé rẹ rèé o. Má pẹ́." Kò padà mọ́. Ìfàkì náà ni wọ́n sin ín sí.

Ìyá àgbà ro gbogbo rẹ̀ fún àlejò wa. Ọmọbìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó bọ́ bàtà, ó bá a gbọ́n epo. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, "Màmá, ẹ lágbára o."

"Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ mi ló lágbára. Èmi kàn wà láàyè ni."

Ìyá àgbà náà ti kú báyìí. Lónìí, èmi náà ń kiri àwọn abúlé Ìkọ̀lé, mo ń béèrè bí àwọn aláìní ṣe ń la ìṣòro já. Bí mo bá rí ilé tó ṣì dúró, inú mi kì í lè dùn tán. Mo máa ń béèrè ẹni tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àti ibi tí ẹni náà wà báyìí. Púpọ̀ nínú wọn máa ń yíjú sí ilé ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo ti kọ́ láti bá wọn jókòó bẹ́ẹ̀, kí n má fi ìbéèrè mìíràn lé e.